Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wọn ooru Òkè Sóbi: ṣé ká sanwó fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún tó kọjá ni mo ra pulọ́ọ̀tì kan sí ẹsẹ̀ Òkè Sóbi, n'Ílọrin níbí. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fáńdéṣọ̀n ni ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ dé, ó ní òkè ayọnáyèéfín tó ń sùn ni Sóbi, pé ooru ti ń gòkè bọ̀. Ó na ẹ̀rọ náà sí àpáta, nọ́ńbà tó gbé jáde lé ní 50. Ó ní kí n san 45,000 náírà kí òun fi yẹ gbogbo ilẹ̀ náà wò. Ọ̀rẹ́ mi kan náà tún ní omi gbígbóná Ìkógòsì ti fi hàn pé iná wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n ta ilẹ̀ náà? (Ìyá Ìbejì, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ di owó yín mú. Ẹni kẹrin lẹ jẹ́ tó máa bi mí ní irú èyí láàárín oṣù méjì. Ẹ̀rọ kan náà ni, iye owó ló ń yàtọ̀. Ó ti ń sú mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiyín o.

Ẹ̀rọ yẹn, bó bá dà bí ìbọn kékeré, ẹ ti rí ẹbí rẹ̀ rí. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì nígbà kòrónà lọ́dún 2020. Awọ òkúta ló ń wọ̀n, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Aago mélòó ni ọkùnrin náà wá? Bí kì í bá ṣe ọ̀sán gangan, á yà mí lẹ́nu. Àpáta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, ta ló máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́? Kó na ẹ̀rọ náà sí ojú títì ọlọ́dà lákòókò kan náà, ẹ ó gbọ́ pé títì náà ti fẹ́ yọná. Ẹ ní kó padà wá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kó tún un wọ̀n lójú yín.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ti jẹ́ káwọn èèyàn gbà pé gbogbo òkè tó bá ti dá dúró, òkè ayọnáyèéfín ni, bóyá ó ti kú ni o tàbí ó ń sùn. Irọ́ ni. Òkè kan wà tó jẹ́ àkójọ, òmíràn wà tó jẹ́ àṣẹ́kù.

Àkójọ ni ayọnáyèéfín. Òkúta á yọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún (mágímà là ń pè é), ó fúyẹ́ ju òkúta tó yí i ká, ó ń wá ọ̀nà òkè. Bó bá jáde, ó di lává, eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ á sì máa já sí etí ihò náà, bí èèrà ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ sẹ́nu ihò tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1943, ilẹ̀ ya nínú oko àgbàdo kan nítòsí abúlé Parícutin ní Mẹ́síkò, lójú Dionisio Pulido tó ń ro oko náà. Kí ọdún tó yípo, oko àgbàdo ti di òkè tó ga ju 300 mítà lọ. Ọdún 1952 ló tó dákẹ́.

Sóbi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gíránáìtì, náìsì àtàwọn ìbátan wọn ni òkúta tó wà lábẹ́ wa níbí, àwọn náà ló gbé nǹkan bí ìdajì Nàìjíríà. Gíránáìtì yọ́ rí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ló dì sí, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sísàlẹ̀, kò rójú ọ̀run. Púpọ̀ nínú wọn ti tutù láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni òjò, oòrùn àti gbòǹgbò igi ti ń jẹ ilẹ̀ tó bò wọ́n. Níbi tí òkúta bá ti sán gátagàta, omi ráyè wọlé, òkúta náà á jẹrà di yẹ̀pẹ̀ pupa, àgbàrá á gbé e wọ Àsà, Àsà á gbé e lọ fún Ọya. Ibi tí kò sán kò gbà fún omi, òun ló yọrí. Sóbi ò dìde rárá, àdúgbò rẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ mú ẹyọ òkúta kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ẹ fi omi ṣan án, ẹ gbé e sí oòrùn. Bó bá jẹ́ gíránáìtì, ẹ ó rí hóró-hóró nínú rẹ̀: ọ̀kan funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan bí àfọ́kù ìgò, ọ̀kan dúdú tó ń dán, tí èékánná lè ká ní awẹ́-awẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Hóró ò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ àfi kí òkúta fara balẹ̀ tutù. Lává tó tú síta kì í ráyè ìyẹn. Básọ́ọ̀tì ló sábà máa ń dà, ó dúdú, ó kúnná, nígbà míì ihò wà lára rẹ̀ bíi ti inú búrẹ́dì, níbi tí afẹ́fẹ́ gbà jáde. Ẹni tó bá ti dé Biu ní Borno ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ayọnáyèéfín náà ń jẹ o. Bí iná rẹ̀ bá ti kú, òjò á máa wọ́ eérú ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, á wá ku òkúta líle tó dì sí i lọ́fun. Àpáta Wase ní ìpínlẹ̀ Plateau nìyẹn, ọ̀fun láìsí ara. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, òun náà ti di àṣẹ́kù, ibẹ̀ lèèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á wo Wase, wọ́n á wo Sóbi, wọ́n á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ má wo ìdúró òkè, òkúta ara rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ti Ìkógòsì ò le. Bí a ṣe ń jìn sínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, ní ọ̀pọ̀ ibi láyé ó tó ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 25 sí 30 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi òjò tó bá gba ojú sísán àpáta wọlẹ̀ jìnnà á gbóná, á sì gba ibòmíràn jáde. Kò nílò ayọnáyèéfín kankan. Ilẹ̀ tó mì ní Mpape l'Ábújá lọ́dún 2018 náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọnáyèéfín. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Òkè Kamẹrúùnù ni, ó ga ju 4,000 mítà lọ, ó bú lọ́dún 1999 àti 2000. Ó tó nǹkan bí 700 kìlómítà sí Ìlọrin.

Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí iná. Àmọ́ mi ò tíì débẹ̀, ẹ má fi ìwé yìí ṣe ìwé àyẹ̀wò o. Ẹ lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ilẹ̀ pé pulọ́ọ̀tì yín ò wọ ilẹ̀ bárékè. Ẹ wo ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà sọ̀kalẹ̀ nígbà òjò, kẹ́ ẹ la gọ́tà kí ẹ tó da kọnkéré. Òkúta tó wà lókè yín ló kù. Àpáta bẹ́ẹ̀ máa ń bó bí àlùbọ́sà, pẹlẹbẹ rẹ̀ á yọ̀, á já. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ gun orí òkè lọ, kó fi òòlù kan àwọn pẹlẹbẹ náà. Èyí tó bá ń dún gbò bí ẹni pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ má kọ́ yàrá ọmọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.