Ṣé ike náà ni ọ̀rá?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Mò ń ṣa ike omi àti ike mínírà jọ nílé wa ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú ni mo máa ń dì wọ́n sí kí ilé lè mọ́, mo sì ń fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún un. Ẹni tó ń rà á ní òun ò rà á mọ́ àfi tí mo bá tú u. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ? Ike ṣáà ni gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Iye tó ń san ni n kò lè dúró fún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ní kí ẹ tú u, òótọ́ ló sọ. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ló ń ba iṣẹ́ àwa tó ń lọ ike, tí a ń yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn, jẹ́, ó sì ti sú mi í gbọ́.

Ike omi, PET là ń pè é. Ọ̀rá, polyethylene ni. PET kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 250 sí 260 dígírì Celsius, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ti yọ́ ní nǹkan bí 110 sí 130. Bí ẹ bá yọ́ wọn pọ̀, wọn ò ní wọnú ara wọn, bí epo àti omi. Ohun tí ẹ bá fi ṣe, ṣíṣẹ́ ni yóò máa ṣẹ́.

Ká tilẹ̀ tó dé ìdí iná rárá. Ẹ̀rọ tó ń lọ ike ní abẹ lára ọ̀pá irin tó ń yí. Ike líle á fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀rá kì í fọ́, ńṣe ló ń nà, tó ń wé mọ́ ọ̀pá, tó sì ń le sí i bí ọ̀pá ṣe ń yí, títí ẹ̀rọ á fi dúró. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wá ki ọwọ́ sáàárín abẹ, tí á máa fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ọ̀rá tí ẹ tún dì pa, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? A ti bá pámpáàsì ọmọ nínú irú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé e jù sí ààtàn láìtú u.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í ṣe ìdọ̀tí o. Àwọn kan ń rà á, wọ́n ń yọ́ ọ ṣe ọ̀rá mìíràn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni, ní mímọ́, ní gbígbẹ. Ọ̀rá dúdú ṣòro: àwọ̀ rẹ̀ kò ṣeé yọ, nǹkan dúdú náà ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Ẹ tún un lò títí yóò fi ya.

Ẹ wá àpò ìrẹsì méjì, ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún ọ̀rá omi. Ẹ má di ẹnu wọn. Ẹ da omi inú ike nù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ti ìdérí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, ìlànà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ máa yọ́ ọ̀rá nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, kí ẹ fi yanrìn sí i, kí ẹ fi ṣe bíríkì, ẹ má dá a lóhùn. Èéfín rẹ̀ léwu, pàápàá fún ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée.