Mímí síta ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ bẹ̀rẹ̀ mímí ti yóga, ìdárayá ilẹ̀ Íńdíà tó da mímí pọ̀ mọ́ nína ara, òòyì sì ń kọ́ yín, ìka àti ètè yín ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn. Ẹ béèrè pé ṣé kí ẹ pa á tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á tì. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni kí ẹ yí padà. Ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe èmi náà fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Àìróorunsùn ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mí kanlẹ̀, mo wá ń fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa ṣe ń gbé omi mu. Mo tún fi kapalabhati kún un, èyí tí a fi ń fi ikùn ti èémí jáde léraléra. Ẹ̀jẹ̀ tèmi sì ń ru! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí aláboyún máa ṣe é. Ní òru ọjọ́ kan, ọkàn mi ń lù kìkì, ojú mi ṣú, mo jí gbogbo ilé, mo rò pé ikú ló dé.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ló là mí lóye. Oxygen kò wọ́n lára mi rárá. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń tú dànù tí a bá mí síta, ni mo ń lé jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún pọ̀, òòyì á dé. Ibẹ̀ náà ni ti ìka àti ètè ti ń wá.

Ní báyìí, mo ń jókòó, mo ń gbé ọwọ́ lé ikùn, mo ń fi imú mí sínú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 4, mo sì ń mí síta fún 6. Ìyẹn á jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí tó 12 sí 20. Ikùn ni kó gbéra, kì í ṣe èjìká. Nígbà tí èémí bá ń jáde ni vagus, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọkàn, máa ń fa ìjánu ọkàn kó lè rọra lù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí mímí síta gùn jù. Tó bá le fún yín, 3 sínú, 4 síta náà dára. Ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́ tó. Ẹ má sé èémí rárá.

Ti nína ara náà ńkọ́? Mo máa ń fipá bẹ̀rẹ̀ kí n lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀, láìmọ̀ pé mo ti sé èémí. Ibi tí èémí bá ti há ni mo ń dúró sí báyìí.

Oorun mi padà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi o. Àmọ́ tí òòyì yẹn bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ ò sí nídìí mímí yìí, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná.