Àgbọ̀nrín Nara: ẹ tún oṣù kẹwàá yẹn rò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ fẹ́ mú àwọn ọmọ yín méjèèjì lọ sí ìlú Nara ní Jàpáánì, níbi tí àgbọ̀nrín ti ń rìn kiri láàárín èèyàn nínú ọgbà ńlá kan, ní oṣù kẹwàá, ẹ wá ń bèèrè pé Tōdai-ji, tẹ́ḿpìlì Buddha, ni kí ẹ kọ́kọ́ dé ni àbí Kasuga Taisha, ojúbọ òrìṣà wọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá yẹn ná. Láti oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá ni akọ àgbọ̀nrín ibẹ̀ ń wá abo kiri, inú wọn a sì máa gbóná. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n mú èmi náà débẹ̀.

Ọkùnrin tó ṣètò ìrìn àjò wa ní wọ́n tutù bí ewúrẹ́ ilé, pé tí a bá tẹríba fún wọn, àwọn náà á tẹríba. Lóòótọ́ ni wọ́n ń tẹríba. Ohun tí kò sọ ni pé tí bísíkíìtì tí àlejò ń rà fún wọn bá pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn lẹ́yìn ìtẹríba yẹn, eyín ló kàn. Ọmọbìnrin mi na ọ̀kan sí abo kan, abo kò tíì gbà á tí akọ kan fi yọ lẹ́yìn mi, ó fi ìwo gún mi nítan. Ṣòkòtò ya, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú bàtà. Ọmọ ń ké, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò.

Dókítà tọ́jú mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rán egbò, ó fún mi lábẹ́rẹ́ ipá, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé láti 1957 ni kò ti sí àrùn dìgbòlugi lára ẹranko Jàpáánì mọ́. Àwọn oní-ínṣọ́ránsì ló fojú mi rí màbo. Wọ́n ní kí n mú ìwé ọlọ́pàá wá, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ẹran náà. Ta ló ni ín? Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú ọgbà yẹn, ẹran ìgbẹ́ ni gbogbo wọn, kò sí olówó wọn, ọdún 1957 yẹn náà ni ìjọba sì fi wọ́n sábẹ́ ààbò òfin. Ọlọ́pàá tí mo bá ní òun kò lè kọ ẹ̀sùn sí àgbọ̀nrín lọ́rùn. Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀, nígbà tí wọ́n máa sanwó, ìlàjì ni. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí tiyín kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á sanwó bí ẹranko ìgbẹ́ bá ṣe yín léṣe. Ẹ má gba ti ẹnu. Ẹ má sì kúrò ní ilé ìwòsàn láìgba ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní òǹtẹ̀.

Ẹ má lù wọ́n o. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àgbọ̀nrín funfun ni òrìṣà Kasuga gùn dé ibẹ̀, ìránṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá pa ọ̀kan, pípa ni wọ́n ń pa òun náà. Àwa tí a mọ àgbọ̀nrín sí ẹran ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ńkọ́? Èérí ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ni bísíkíìtì wọn, àmọ́ ọ̀rá tí òórùn oúnjẹ bá wà lára rẹ̀, wọ́n á gbé e mì. Ní 2019, wọ́n bá ọ̀rá rẹpẹtẹ nínú ikùn àwọn tó kú. Ẹ di ìdọ̀tí yín padà sílé. Bébà náà, wọ́n ń jẹ ẹ́. Òfin sì ní kí àlejò máa mú páásípọ́ọ̀tì rìn, nítorí náà abẹ́ aṣọ ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ilé-iṣẹ́ Kintetsu láti ìlú Kyoto, ibùdókọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọgbà ju ti JR, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kejì, lọ. Tōdai-ji ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i ní oṣù kẹwàá, èrò kò ní tíì pọ̀ níwájú ère Buddha tó ti wà níbẹ̀ láti 752. Kasuga lẹ́yìn ìyẹn. Tí ẹ bá lè sún un sí oṣù kejìlá tàbí oṣù kẹta, ó sàn. Ẹ má sún un sí oṣù karùn-ún sí ìkeje, abo tó ń tọ́mọ kì í fẹ́ kí ọmọ èèyàn sún mọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ra bísíkíìtì lẹ́nu ọ̀nà Nandaimon, ẹnubodè ńlá Tōdai-ji, ibẹ̀ ni àwọn àgbọ̀nrín ti ń dúró de àlejò. Tí ó bá tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn wọ́n, kí wọ́n rọra rìn kúrò, kí wọ́n má sáré.