Sílíǹgì tó ṣí ìdí sílẹ̀: ta ló wà fún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọdún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá wa, ẹni ọdún 71. Apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò ṣiṣẹ́, ìrọ̀rí la sì fi ń tì wọ́n kí wọ́n tó lè jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ránṣẹ́, àlòkù ni, pẹ̀lú sílíǹgì méjì, ìyẹn aṣọ tí aláìsàn ń jókòó sí tí wọ́n á fi okùn rẹ̀ kọ́ sára ẹ̀rọ. Ọ̀kan gba gbogbo ẹ̀yìn dé orí, èkejì ṣí ìdí sílẹ̀. Èyí tó ṣí ìdí sílẹ̀ yẹn ló yá láti wọ̀ fún wọn. Ṣé a lè máa lo òun nìkan, láti bẹ́ẹ̀dì dé àga, àti dé orí póò? – Ọmọ Màmá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Físíò ni mí, ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, n kì í ṣe dókítà. Rárá ni ìdáhùn mi. Ẹ má fi gbé wọn lọ sórí àga, ẹ má sì fi gbé wọn lọ sórí póò pàápàá.

Orúkọ rẹ̀ ló ń tan àwọn ènìyàn. Toileting sling, ìyẹn sílíǹgì ìgbọ̀nsẹ̀, ni àwọn tó ń tà á ń pè é, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé gbogbo aláìsàn tó fẹ́ lo póò ló wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó lè dá jókòó, tó lè gbé orí rẹ̀ dúró, tó sì lè ṣàkóso apá rẹ̀ méjèèjì ló wà fún. Oníṣòwò kan sọ fún ìdílé kan tí mò ń tọ́jú pé "gbogbo ènìyàn ló ń lò ó." Inú bí mi gan-an. Òun kọ́ ló máa wà nílé lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ tẹ́ sílíǹgì náà sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ wò ó. Bẹ́líìtì kan ló ní tó yí àyà ká lábẹ́ abíyá, àti aṣọ méjì tó gba abẹ́ itan. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ìdí, kò sí lẹ́yìn ìbàdí. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti bọ́ aṣọ aláìsàn nínú rẹ̀ náà ló jẹ́ kó rọrùn fún aláìsàn láti jábọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti gbé e sókè, abíyá àti itan ló ń gbé gbogbo ara. Ẹni náà ní láti fi apá méjèèjì síta bẹ́líìtì, kó sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Apá tí rọpárọsẹ̀ ti mú kò lè ṣe é. Yóò gbéra sókè, ìdí yóò máa lọ sílẹ̀ láàárín aṣọ méjèèjì, orúnkún yóò máa bọ̀ wá sí àyà, bẹ́líìtì yóò sì máa gun ọrùn lọ. Mo ti wọ ilé kan rí tí ọmọ méjì di ìyá wọn mú nínú afẹ́fẹ́, tí wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe, nítorí bẹ́líìtì ti kan àgbọ̀n ìyá náà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Èjìká tó wà ní apá tí rọpárọsẹ̀ mú sábà máa ń yẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi abíyá gbé e lójoojúmọ́, ìrora ni ẹ ń fi kún ìrora.

Èyí tó gba gbogbo ẹ̀yìn dé orí ni kí ẹ lò. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ti bọ́ pátá tàbí pámpásì wọn. Ìró ló dára jù níbí, ẹ jẹ́ kó ṣí lẹ́yìn, kó bò wọ́n níwájú, ìtìjú ò ní sí. Ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí àga onípóò tó ní ẹ̀yìn àti apá, ẹ yọ àwọn okùn, kí ẹ wá fa aṣọ abẹ́ itan jáde. Ó máa pẹ́ díẹ̀. Kó pẹ́. Bí wọ́n bá jókòó tán, ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ẹ má sì fi sílíǹgì sílẹ̀ lábẹ́ wọn lórí àga látàárọ̀ dalẹ́, àfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ṣeé ṣe, torí egbò ìdí.

Nípa ìwọ̀n: èyí tó tóbi jù, wọ́n á yọ́ bọ́ nínú rẹ̀, èyí tó kéré á gé wọn nítan. Kílò tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ lè gbé, tí wọ́n kọ sára rẹ̀, lè yàtọ̀ sí ti sílíǹgì. Bí ọ̀kan bá ní 200, tí èkejì ní 150, 150 ni tiyín. Bí ojú okùn bá ní àwọ̀ oríṣiríṣi, gígùn rẹ̀ ni àwọ̀ ń fi hàn: àwọ̀ tí ẹ bá fi kọ́ apá ọ̀tún ni kí ẹ fi kọ́ ti òsì. Bí okùn èjìká bá kúrú ju ti ẹsẹ̀ lọ, wọ́n á jókòó. Bó bá gùn, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀.

Àlòkù lẹ pè é. Ní Britain, òfin LOLER ti 1998, èyí tó wà fún ohun èlò tí wọ́n fi ń gbé nǹkan sókè, ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀rọ àti sílíǹgì tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn níbi iṣẹ́ wò dáadáa ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín ìgbà tí wọ́n yẹ tiyín wò kẹ́yìn. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti parẹ́, tí òwú ti ń tú, tàbí tí okùn kan ti já díẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má gbé e fún télọ̀ kó bá yín rán an, ẹ má sì fi hípò fọ̀ ọ́.

Ní ti iná wa, ẹ wá ohun tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn kalẹ̀ bí bátìrì bá kú kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sókè. Pupa ló sábà máa ń jẹ́.

Mi ò tíì rí Màmá o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń dáhùn. Ẹ pe físíò kan wá sílé kó wò wọ́n. Kó tó dé, kí ọ̀kan nínú yín tí ara rẹ̀ tó ti Màmá kọ́kọ́ jókòó sínú sílíǹgì ńlá yẹn, kí ẹni méjì gbé e lọ, gbé e bọ̀. Bó bá gé e nítan, ó máa gé Màmá náà.