Èsì: Dókítà tó ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962

Ẹ kú ìbéèrè o. Dókítà tí ẹ ń wá orúkọ rẹ̀, tó ṣèjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láìdìbò, Moses Májẹ̀kódùnmí ni, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin. Mínísítà ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ni nígbà táwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn n'Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún 1962. Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, kéde pàjáwìrì, ó sì fi í ṣe alábòójútó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, àti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n jọ ń jà, kò sẹ́ni tí wọn ò há mọ́bì kan nínú wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Akíntọ́lá padà sórí ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963 láìsí ìbò kankan. Dókítà ní tiẹ̀ dá ilé ìwòsàn St. Nicholas sílẹ̀ l'Ékòó ní 1968.