Kókó ilé-ẹyin abo ajá: ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa mú un jáde

Àǹtí mi, ẹ kú làálàá. Ẹ ní skáànù fi kókó hàn lára ilé-ẹyin òsì ajá yín, dókítà sì ní kí ẹ yàn: kí wọ́n la ikùn, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é. Irú rẹ̀ ṣe Tanímọ̀la, ajá tèmi, níbí ní Manchester. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lábẹ́ rẹ̀, kò dá, irun ìhà rẹ̀ sì ń re. Granulosa cell tumour ni, irú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kan tó sábà máa ń da estrogen (họ́mónù abo) sínú ẹ̀jẹ̀. Estrogen àpọ̀jù lè ba mùdùnmúdùn inú eegun, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, jẹ́, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá yín wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun. Kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ náà, láti mọ̀ bóyá ó ti tàn débẹ̀.

Ti kámẹ́rà ni mo yàn. Wọ́n á fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn kó lè gbéra sókè, wọ́n á lu ihò méjì tàbí mẹ́ta tí kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ. Irinṣẹ́ oníná ló ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, òun náà ló ń gé e.

Àpá kékeré ni gbogbo èèyàn ń lé kiri. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Bí kókó bá fọ́ sínú ikùn, tàbí tí wọ́n fà á gba ihò yẹn jáde ní ìhòòhò, ó lè fọ́n irúgbìn rẹ̀ sára ògiri ikùn. Inú àpò ló yẹ kí wọ́n kó o sí nínú ikùn níbẹ̀, kí wọ́n pa ẹnu àpò dé, kí wọ́n fẹ ihò díẹ̀, kí wọ́n tó fà á síta. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo àpò. Tí wọ́n bá ń ká ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ẹ wá ibòmíràn lọ. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi kókó náà wò. Dókítà tó kọ́kọ́ rí tèmi fẹ́ ṣe é, èmi ni mo kọ̀.

Bí kókó bá tóbi, tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ ìfun, ikùn lílà ló dára jù. Ẹ ti fọwọ́ sí i ṣáájú pé wọ́n lè la ikùn bí ti kámẹ́rà bá há.

Lọ́jọ́ kejì Tanímọ̀la ti ń jẹun. Dídá a lẹ́kun fífò sórí àga ló fẹ́ pa mí. Ẹ ní kí wọ́n fi kókó ránṣẹ́ sí láàbù, kí ẹ sì gba ẹ̀dà èsì náà sọ́wọ́.