Èsì: Ìdí tí ọ̀dà fàdákà fi ń sán lára ìhámọ́ra fóòmù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ̀dà ń sán, ó sì ń bó lára ìhámọ́ra The Mandalorian (eré tẹlifíṣọ̀n Star Wars tí akọni rẹ̀ ń wọ ìhámọ́ra irin) tí ẹ fi fóòmù EVA, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sálúbàtà, ṣe. Fóòmù máa ń tẹ̀, ọ̀dà líle kì í tẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fóòmù 5mm tó fún àyà àti èjìká. Kí ẹ tó kùn ún rárá, ẹ fi heat gun (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná) fẹ́ ooru sí gbogbo ojú rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán díẹ̀, kí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ lè dí. Ẹni tó bá fo èyí, fóòmù á máa mu ọ̀dà bíi kànrìnkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fín Plasti Dip (ọ̀dà tó máa ń gbẹ di rọ́bà) sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele 3 sí 4, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ fún bí ìṣẹ́jú 30. Òun ló máa ń bá fóòmù tẹ̀. Ọ̀dà dúdú dídán ló kàn, kí fàdákà tó gorí ẹ̀. Dúdú yẹn gan-an ló ń mú kó jọ irin. Ẹ má fi fáníìṣì bo fàdákà o, á pa dídán rẹ̀, á sì rí bí eérú.

Dídán yìí náà ni ìṣòro níbi tí wọ́n ti ya eré ọ̀hún: aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n sábà máa ń ta sẹ́yìn òṣèré, kí wọ́n lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀, ì bá máa hàn lára irin. Ó wà lára ìdí tí wọ́n fi lo ògiri LED, ìyẹn ògiri oníná tó ń gbé àwòrán jáde bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá.

Ní ti ìgbúnwọ́, kò sí ọ̀dà tó lè gbà á. Ẹ gé ibẹ̀ sí ìdá 2, kẹ́ ẹ fi rọ́bà so wọ́n pọ̀ lábẹ́.